Àárọ̀ Ọjọ́ Kejì Ni Ajá Máa Ń Fèsì

Ajá alájá ni mò ń mú jáde ṣeré, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Àwọn tó ń gbé ajá wọn lé mi lọ́wọ́ kò rí bákan náà: àwọn kan ń jáde nílé ní kùtùkùtù, ó di alẹ́ kí wọ́n tó wọlé, àwọn kan ti dàgbà, ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn rìn jìnnà mọ́, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ẹwà ni wọ́n wò tí wọ́n fi ra ajá, ìgbà tó dàgbà tán ni wọ́n rí i pé agbára rẹ̀ ju tàwọn lọ. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń bi mí: "Wákàtí mélòó ló yẹ kó máa fi ṣeré lójúmọ́?" Èmi náà á wá da ìbéèrè bò wọ́n. Irú ajá wo ni? Ọmọ ọdún mélòó? Ṣé ó máa ń hanrun tó bá sùn? Tó bá jí láàárọ̀, ṣé ó máa ń dìde fìrì ni, àbí ó máa ń wọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀ kí ara rẹ̀ tó yá? Ibẹ̀ ni ojú wọn ti máa ń yí padà, torí iye kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbọ́, kí wọ́n gbà á, kí wọ́n máa lọ.

Mi ò ní iye kankan tí mo lè fún wọn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ajá kan máa fi na ẹsẹ̀ lásán, tí á ṣì máa wojú mi pé níbo ló kàn, lè gbé ajá mìíràn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Aago ò mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ara ajá ló mọ̀ ọ́n, ó sì máa ń sọ ọ́, lójú ọ̀nà àti ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, fún ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kó wò.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìtóbi ajá ná, torí òun ló máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù. Wọ́n gbà pé ajá ńlá ló nílò eré púpọ̀, pé kékeré kàn lè máa yí po nínú yàrá, ó ti tó o. Mo ti mú Great Dane jáde, ajá tí mi ò nílò láti bẹ̀rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan orí rẹ̀. Tá a bá ti rìn dé ibì kan báyìí, á dúró, á kọjú sọ́nà ilé, ẹ̀bẹ̀ ló kù. Jack Russell kan wà tí kò ju kìlógíráàmù 8 lọ, èmi ló máa ń rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àwọn tó bí irú rẹ̀ sáyé, ọdẹ ni wọ́n, wọ́n ń tẹ̀ lé ẹṣin, wọ́n ń wọ ihò lọ bá kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Kékeré ara rẹ̀ ò sọ ohunkóhun nípa okun tó wà nínú rẹ̀.

Ajá ńlá gan-an lẹ́rù tó ń gbé. Ìwọ̀n ara tó lè lé ní kìlógíráàmù 60 ló ń já lé oríkèé ẹsẹ̀ mẹ́rin ní gbogbo ìgbà tó bá fò. Nítorí náà ìrìn wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí ilẹ̀ tó rọ̀ ni mo máa ń fún un, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kò sí fífo ògiri, kò sí sísáré sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ohun kan tún wà tí mi ò fi í ṣeré: àwọn ajá tí àyà wọn jìn, bíi Great Dane, Weimaraner, Saint Bernard àti Poodle ńlá, ikùn wọn lè kún fún afẹ́fẹ́ kó sì lọ́ po mọ́ra. Bí ajá bẹ́ẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó, wákàtí kan sí méjì gbọ́dọ̀ kọjá kí n tó jẹ́ kó sáré, tó bá sì sáré tán, ó gbọ́dọ̀ mí dáadáa kí oúnjẹ tó dé iwájú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i tí ikùn rẹ̀ ń wú, tó ń bì tí nǹkan kan ò jáde, tó ń dìde tó ń jókòó tí kò rójú, ẹ má dúró wo bóyá á lọ fúnra rẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹranko ló kàn, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí wákàtí díẹ̀ ló ń pa á.

Ẹ̀yà ajá ló tún ṣòro ju ìtóbi lọ, torí ìtóbi hàn sójú, iṣẹ́ tí wọ́n bí ajá fún kò hàn. Border Collie kan ló là mí lójú sí èyí. Àwọn olówó ẹ̀ pè mí torí ó ń da ọmọ kéékèèké inú ilé jọ sí igun kan, á tẹ ara mọ́lẹ̀, á tẹjú mọ́ wọn, èyí tó bá fẹ́ jáde nínú wọn á já a ní gìgísẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti ń bá a sáré láràárọ̀, wọ́n tún fi kún un, wọ́n tún fi kún un, ṣe ló ń le sí i.

Ó yẹ kó le sí i. Ajá tí wọ́n bá ń fi sáré lójoojúmọ́, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á fẹ̀, iṣan rẹ̀ á yi, ohun tó ń rẹ̀ ẹ́ lóṣù tó kọjá kò ní rẹ̀ ẹ́ mọ́. Ajá tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tí kò ṣì ríṣẹ́ ṣe ni wọ́n ń kọ́ láìmọ̀. Ààlà Scotland àti England ni irú rẹ̀ ti wá, àgùntàn ni wọ́n fi ń dà lórí òkè, iṣẹ́ tó gba kí ó máa wo ojú darandaran, kó máa fetí sí fèrè, kó máa pinnu fúnra rẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ lebi ń pa.

Mo dín eré sísá rẹ̀ kù. Ìyá ilé náà wò mí bí ẹni tó fẹ́ gba owó rẹ̀ padà. Mo mú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ kan, mo fi han ajá náà kó gbóòórùn rẹ̀, mo ní kó jókòó, mo lọ fi pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò òdòdó, mo padà wá, mo ní, "Wá a." Ìgbà àkọ́kọ́, ó sáré káàkiri, ó ń fojú wá a. Nígbà tó rí i pé ojú ò ràn án lọ́wọ́, imú rẹ̀ wálẹ̀. Ìrìn rẹ̀ yí padà, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń fín nǹkan símú, fín, fín, fín, ó dákẹ́, ó padà sẹ́yìn ìṣísẹ̀ méjì, ó yà sọ́tùn-ún, ó rí i. A ṣe é títí tí mo fi ń fi í pamọ́ sí yàrá mìíràn. Kò pẹ́ rárá tó fi lọ na gbalaja sórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ní ọ̀sán gangan, tí àwọn ọmọ ń sáré kọjá lára rẹ̀. Ìyá ilé náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fún un mu?"

Láti ìgbà yẹn, bí mo bá mú ajá èyíkéyìí jáde, mo máa ń fi apá kan ìrìn náà sílẹ̀ fún imú rẹ̀. Mi ò ní fa okùn, mi ò ní sọ pé ó yá. Ajá tó dúró lẹ́bàá koríko kan tó ń gbóòórùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé lójú ẹni tó ń kánjú, ńṣe ló ń fi àkókò ṣòfò. Fún ajá tí ẹsẹ̀ ń dùn tàbí tí dókítà ní kó sinmi, òun gan-an ni eré tó kù fún un.

Greyhound wá yàtọ̀ pátápátá. Èèyàn á gbọ́ pé ajá tó ń sáré sún mọ́ 70 kìlómítà ní wákàtí kan nìyí, á máa bẹ̀rù àtimú un sọ́dọ̀. Eré rẹ̀ ò pẹ́. Á sá a délé dóko fún ìṣẹ́jú díẹ̀ níbi tó ní ọgbà, ó parí nìyẹn, oorun ló kù, kò sì sí ajá tó mọ oorun sùn tó o. Husky ló jẹ́ òdìkejì rẹ̀: ìrìn ọ̀nà jíjìn ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìdíje Iditarod tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Alaska ní 1973, tí àwọn ajá ti ń fa ọkọ̀ orí yìnyín, gùn tó nǹkan bí 1,600 kìlómítà. Ṣùgbọ́n orí yìnyín ni mo wí. Ẹ fi irú ajá bẹ́ẹ̀ sínú ooru pẹ̀lú irun onípele méjì lọ́rùn rẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ìrìnàjò ò gba ajá lọ́wọ́ oòrùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni mo máa ń mú un jáde, àti lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀.

Ọ̀rọ̀ ooru yìí ni mo fẹ́ dúró lé, torí òun ló ń já mi láyà jù nínú iṣẹ́ yìí.

Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni òógùn díẹ̀ ti ń jáde. Ẹnu àti ọ̀nà èémí rẹ̀ ló fi ń lé ooru lọ, nípa mímí hẹlẹhẹlẹ. Ara rẹ̀ gan-an gbóná ju tiwa lọ, láàárín 38 sí 39.2 lórí ìwọ̀n Celsius ni tàjá tí ara rẹ̀ dá. Tó bá ti kọjá 41, ọpọlọ, kíndìnrín àti ìfun ti wà nínú ewu. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ pé kò dáa láti ti ajá mọ́ inú ọkọ̀ nínú oòrùn. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé nígbà tí àwọn olùwádìí ní orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì tú ìwé ìtọ́jú àwọn ajá tí ooru pa lára wò, nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2020, eré ìdárayá ló fa èyí tó pọ̀ jù, ó ju ti inú ọkọ̀ lọ fíìfíì.

Àwọn ajá tí imú wọn tẹ̀ wọlé ló burú fún jù: Pug, French Bulldog, Bulldog ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Pekingese. Ihò imú wọn há, ẹran rírọ̀ tó wà lókè ọ̀fun wọn gùn ju ibi tó yẹ kó dé lọ, nítorí náà ẹ̀rọ tó yẹ kó fi tu ara rẹ̀ gan-an ló ti dí. Bí wọ́n bá ṣe ń gbìyànjú láti mí sí i tó ni ọ̀fun á máa wú tó, tí èémí á máa há sí i.

Mo ń mú French Bulldog kan jáde, Bíńgò lorúkọ rẹ̀. Olówó rẹ̀, bàbá kan tó fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn, gbà pé ọ̀lẹ ni. "Má dá a lóhùn jàre, ó mọ ẹ̀tàn. Fà á, á tẹ̀ lé ẹ." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa rìn lónìí." A jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀, hanrun-hanrun rẹ̀ tó ti mọ́ wa lára ló ń ṣe, ohùn rírọ̀ látinú imú. A rìn dé ibi tí ọ̀nà ti gùnkè díẹ̀. Mo ní kí bàbá fetí sílẹ̀. Ohùn náà ti kúrò nímú, ó ti bọ́ sí ọ̀fun, ó ti ń ha, hààn, hààn, àti ìgbà tó ń fà á símú àti ìgbà tó ń tú u jáde. Mo ní kí wọ́n wo ahọ́n rẹ̀: etí ahọ́n náà ti fẹ̀, ó ti ká sókè, itọ́ tó wà lára rẹ̀ ti nípọn. Ọwọ́ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ya sí ẹ̀gbẹ́ kí àyà rẹ̀ lè ráyè. Bàbá dákẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé báyìí ló máa ń ṣe tí mo bá ń fà á?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. A jókòó sábẹ́ igi títí èémí rẹ̀ fi padà sí imú, a sì gba ọ̀nà tó tẹ́jú lọ sílé. Ìrìn kúkúrú ni Bíńgò ń ṣe báyìí, ní àárọ̀ kùtù, kì í sì í lo okùn ọrùn mọ́. Èyí tó gba àyà àti èjìká ni wọ́n rà fún un, kí nǹkan kan má baà fún un lọ́fun.

Tí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ sórí, tí ajá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tí èrìgì rẹ̀ pọ́n janjan tàbí tó funfun, tó ń bì, omi lẹ máa kọ́kọ́ bù lù ú. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára gbogbo, kó wọ inú irun dé awọ, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ máa dà á lọ títí èémí á fi rọ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má fi tówẹ́lì tútù bò ó kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ooru ló ń pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má da omi sí i lẹ́nu ní tipátipá.

Ti títì ò gba àlàyé púpọ̀. Mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé ilẹ̀ ọlọ́dà fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá méje. Tí mi ò bá lè fara dà á, ajá ò ní rìn níbẹ̀.

Àwọn ajá kúkúrú ẹlẹ́yìn gígùn, Dachshund pàápàá, ìrìn ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ó tiẹ̀ ń mú kí iṣan ẹ̀yìn wọn le. Fífò ni ọ̀tá wọn: látorí àga, látinú ọkọ̀, lórí àtẹ̀gùn. Ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn wọn tètè máa ń gbẹ, ó lè yọ kó tẹ okùn iṣan inú ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì kú mọ́ ajá lára. Chihuahua àti Yorkshire Terrier, orúnkún ni kẹ́ ẹ máa wò. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń sáré, tó ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè, tó fi mẹ́ta fò lọ ní ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan, tó tún gbé e sílẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, eegun orúnkún ló ń yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ijó ló ń jó. Ẹ fi han dókítà.

Ọmọ ajá ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń bá mi jà sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Rottweiler ọmọ oṣù márùn-ún, ó fẹ́ máa bá a sáré lójú títì láàárọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wo bó ṣe tóbi tó." Títóbi rẹ̀ gan-an ni mò ń wò. Ní òpin eegun ọmọ ajá, ibì kan wà tó ṣì rọ̀, níbi tí eegun ti ń gùn sí i. Àwọn ajá kéékèèké, kí wọ́n tó pé ọdún kan ni ibẹ̀ sábà máa ń dì. Àwọn ńlá lè tó ọdún kan àbọ̀, àwọn òmìrán mìíràn tún ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ajá tó bá ti ga kí eegun rẹ̀ tó dì, ìwọ̀n àgbà ló ń gbé lórí eegun ọmọdé.

Mi ò sọ pé kí wọ́n so ọmọ ajá mọ́lẹ̀ o. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní Norway, tó jáde ní 2012, lórí Labrador, Newfoundland, Leonberger àti Irish Wolfhound. Àwọn ọmọ tó ń gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́ kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́ta ni àìsàn oríkèé ìgbáròkó pọ̀ sí lára. Àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ tí wọ́n ń ṣeré fàlàlà níta, lórí ilẹ̀ tó rọ̀ tó sì lọ ségesège díẹ̀, tiwọn kéré. Èyí bá ohun tí mò ń rí mu. Ọmọ ajá tó wà ní òmìnira, á sáré, á dúró, á jókòó, á họ ara, á sùn síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń díwọ̀n. Èyí tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìwọ̀n ẹni tó di okùn mú, torí kò fẹ́ kó fi òun sílẹ̀. Àwọn kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni kéèyàn fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó ti lò láyé. Kò burú fún ìrìn orí okùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrírí àwọn tó ń tọ́ ajá ló bí i, kò wá látinú ìwádìí kankan. Mi ò fi de eré ìta.

Ó wá ku àwọn tó sanra. Nǹkan tó ń múni bínú ni pé olówó ajá kì í sábà rí i. Ojú ti mọ́ ọn. Ọwọ́ ni mo máa ń ní kí wọ́n lò. Ẹ tẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀, ẹ fi ìka ọwọ́ kejì ra ẹ̀yìn rẹ̀: bí ẹ ṣe ń mọ eegun ibẹ̀ lára láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ máa mọ egungun ìhà ajá yín. Tó bá jẹ́ pé àtẹ́lẹwọ́ ló jọ, ọ̀rá ti bò ó. Àwọn dókítà ní òṣùwọ̀n kan fún un, láti 1 dé 9, 4 tàbí 5 ni wọ́n ń fẹ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n bá òun fi eré sá ọ̀rá ajá òun dànù, abọ́ oúnjẹ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń ní kó fi hàn mí. Wọ́n ti tẹ̀ lé Labrador 48 láti kékeré títí dọ́jọ́ ikú, wọ́n fún ìdajì wọn ní oúnjẹ tó fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti àwọn yòókù. Àbájáde rẹ̀ tó jáde ní 2002 ni pé àwọn tó jẹ díẹ̀ fi nǹkan bí ọdún méjì pẹ́ láyé jù, oríkèé ríro sì pẹ́ kó tó dé bá wọn. Eré nìkan ò lè bá ọwọ́ tó ń já búrẹ́dì sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì jà.

Tí oúnjẹ bá ti wálẹ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mo máa ń fi ìrìn tó tẹ́jú bẹ̀rẹ̀, tó kúrú débi pé ojú á fẹ́rẹ̀ẹ́ ti olówó ajá láti sọ ọ́ síta. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mò ń fi kún un, ìdá kan nínú mẹ́wàá tàbí ká ní díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń fi gígùn kún un kí n tó fi eré kún un. Àwọn tí kì í mú ajá wọn jáde látọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n á wá fi gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta sá eré tí wọn ò sá ní gbogbo ọ̀sẹ̀, àwọn ni dókítà ń rí lọ́jọ́ Àìkú. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ sàn fún ajá ju wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan.

Bọ́ọ̀lù jíjù náà wà nínú rẹ̀. Ó rọrùn fún ẹni tó ń jù ú, kò ní kúrò lójú kan. Ajá ló ń sáré lọ ní gbogbo agbára, tó ń fi ẹsẹ̀ dá ara dúró lójijì, tó ń yí orúnkún po lórí ilẹ̀, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn Labrador kò sì mọ ìgbà tó tó. Àwọn kan lára wọn tún bí àbùkù kan mọ́ra: lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí ogún tí wọ́n ti ń sáré kíkankíkan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ gẹ̀rẹ̀, wọ́n á ṣubú, síbẹ̀ wọ́n á fẹ́ máa wọ́ ara lọ bá bọ́ọ̀lù. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Minnesota ló ṣàwárí àbùdá tó ń fà á ní 2008, àyẹ̀wò sì wà fún un báyìí. Èmi máa ń jẹ́ kí ajá rìn kí ara rẹ̀ gbóná ná, mo máa ń yí bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ dípò kí n sọ ọ́ sókè, mo sì máa ń kó o sápò nígbà tó ṣì ń wù ú. Igi ni mi ò jẹ́ jù fún ajá láéláé. Ó ń gún wọn lọ́fun.

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lójú ọ̀nà, inú ajá ń dùn, ìdùnnú á sì bo ìrora mọ́lẹ̀. Tó bá ti sùn tó jí, kò sí ohun tó ń bò ó mọ́. Mo máa ń sọ fún àwọn olówó ajá kí wọ́n má pè é, kí wọ́n má gbọn okùn, kí wọ́n kàn dúró síbi tí kò ti ní rí wọn, kí wọ́n wò ó bó ṣe ń dìde. Ṣé ó na ara rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn? Ṣé ẹsẹ̀ iwájú ló fi ń fa ara rẹ̀ sókè, tí ìdí ń bọ̀ lẹ́yìn? Ìṣísẹ̀ mélòó ló fi rìn gan-an-gan kí ó tó rọ̀? Bó bá jẹ́ Cavalier King Charles, tí àìsàn ọkàn wọ́pọ̀ láàárín wọn, mo máa ń ní kí wọ́n ka èémí rẹ̀ nígbà tó bá ń sùn fọnfọn: tó bá ń kọjá ọgbọ̀n ní ìṣẹ́jú kan léraléra, kí wọ́n dá eré dúró, kí wọ́n pe dókítà.

German Shepherd àgbà kan ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, Táígà. Nígbà tí mo débẹ̀, wọn ò mú un jáde mọ́ rárá. Ìyàwó ilé ní, "Ó ti darúgbó, ẹ jẹ́ kó sinmi." Ìsinmi yẹn ti jẹ itan rẹ̀ tán, eegun ìgbáròkó rẹ̀ ti yọ lábẹ́ irun. Oríkèé tó ń ro nílò iṣan tó yí i ká, iṣan ò sì ní dúró sára ẹni tó ń dùbúlẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Dókítà wò ó, ó fún un ní oògùn ìrora, ó ní kó máa rìn. A pín ìrìn rẹ̀ sí mẹ́ta lójúmọ́, kúkúrú ni gbogbo wọn, orí koríko ni, kò sí àtẹ̀gùn. Tó bá dìde láàárọ̀ tó ń tiro ju ti àná lọ, mo máa ń gé ìrìn ọjọ́ yẹn sí ìdajì. Tí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí kò tiro sí i, mo máa ń fi díẹ̀ lé e. Wọ́n sì tẹ́ rọ́ọ̀gì sórí táìlì tó ń yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ láti ibi tó ń sùn dé ẹnu ọ̀nà.

Ohun tí ìyàwó ilé náà ń rojọ́ rẹ̀ fún mi báyìí ni pé Táígà ti ń jí i kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń fi imú ti ilẹ̀kùn yàrá. Mo ní kí wọ́n má dá a lóhùn kó tó di aago mẹ́fà.